Kànga Tí Kò Ní Ìdí

  Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé àjọ̀dún ní kí a kọ nǹkan nípa ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ yìí fún wa, a mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wa yóò ti kọ̀wé nípa bọ́ọ̀lù, nípa ẹgbẹ́ akọrin, nípa pàṣán ọ̀gá àgbà àti ẹ̀wà ọjọ́ Ẹtì. Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́ kò ju ìbéèrè kan ṣoṣo lọ, èyí tí olùkọ́ físíìsì wa bi wá nígbà tí a wà ní ìwé kẹta, ní àwọn ọdún 1970. Bí ènìyàn bá lè dé àárín gbùngbùn ayé, báwo ni yóò ti wúwo tó níbẹ̀? A ti lo ìdáhùn ìbéèrè yìí níbi tí olùkọ́ náà, tí ó ti sùn nínú Olúwa báyìí, kò lè ronú kàn láé.

Ọmọ Ìbàdàn àtijọ́ kò ní ṣàìmọ kànga. Láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, láti ẹ̀yìn Mápó sọ̀ kalẹ̀ dé Bẹyẹrúnkà, ilé fara kan ilé, òrùlé gun òrùlé, ṣùgbọ́n agbo ilé tí ó bá níláárí yóò ní kànga tirẹ̀, pẹ̀lú ìdérí páànù, àti okùn tí ọwọ́ àwọn obìnrin ti fà títí tí ó fi gbẹ́ ojú ilà sí etí kànga náà. Àwọn kànga wọ̀nyí kì í sábà jìn púpọ̀. Òkè Mápó àti Òkè Àrẹ̀mọ jókòó lé orí òkúta líle tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè ní quartzite. Bí agbẹ́kànga bá sì ti kan òkúta, owó iṣẹ́ a yí padà, bí iṣẹ́ náà kò bá tilẹ̀ parí sí ibẹ̀. Àwọn àgbà a sì máa kìlọ̀ fún ọmọdé pé omi tí a ó mu kọ́ ni a ń sọ òkúta sí.

Olùkọ́ wa kò ka ìkìlọ̀ yìí sí. Ó kó gbogbo kíláàsì lọ sí ìdí kànga tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ilé-ìwé, ó fi òkúta wẹ́wẹ́ lé ọmọkùnrin kan lọ́wọ́, ó sì tẹjú mọ́ aago ọwọ́ rẹ̀. Òkúta bọ́, ó gba ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ kí a tó gbọ́ tó-ó-ò nínú omi. Ó ní kí a fi 1.5 lọ́nà 1.5, kí a sì sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú 4.9, tí í ṣe ìdajì iye tí òòfà ilẹ̀ jẹ́. Èsì rẹ̀ jẹ́ 11: kànga náà jìn tó mítà 11. A ò tíì parí ẹnu yíyà nígbà tí ó tún bèèrè pé, "Bí kànga yìí kò bá ní ìdí ńkọ́? Bí ó bá já sí àárín ayé?"

Ọmọ kan ní ẹni tí ó bá já sínú rẹ̀ yóò ré bọ́ sí ojú ọ̀run ní òdìkejì. Òmíràn, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ní bí a bá ṣe ń súnmọ́ iná àgbẹ̀dẹ ni ooru ń pọ̀ sí i, nítorí náà bí a bá ṣe ń súnmọ́ orísun òòfà ni òòfà yóò máa le sí i, títí yóò fi lẹ ènìyàn mọ́lẹ̀ pẹ́pẹ́. Ìdáhùn tí ó mọ́gbọ́n dání ni. Olùkọ́ yìn ín dáadáa kí ó tó sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ rò pé òòfà ní orísun kan tí ó fara pamọ́ sí àárín ayé, bí iná ti í wà nínú àdìrò. Kò ní irú orísun bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá tí ó ṣe é fọwọ́ kàn, òkúta, omi, ògiri, ènìyàn, ni ó ń fa èkejì rẹ̀ mọ́ra. Èyí tí ó kéré ń fà díẹ̀, èyí tí ó tóbi ń fà púpọ̀. Bí a bá dúró ní Bẹẹrẹ, gbogbo ayé wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, apá kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń fà wá, apá yẹn ni a sì ń pè ní ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dé àárín gbùngbùn, ayé ti yí i ká. Òkúta apá Áfíríkà ń fà á, ti apá òkun Pàsífíìkì náà ń fà á. Ìhà àríwá fà á, ìhà gúúsù kò gbà. Nítorí pé wọ́n dọ́gba, kò sí èyí tí ó borí, ẹni náà kò sì ní wúwo rárá. Bí a bá gbé e lé orí òṣùwọ̀n, òfo ni yóò kà. Isaac Newton ni ó fi ìṣirò ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lélẹ̀ nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1687.

Olùkọ́ fi ìdíje ìfà-okùn ọjọ́ eré ìdárayá ṣe àpèjúwe rẹ̀. Ẹ rántí áńkáṣíìfù tí a máa ń so mọ́ àárín okùn. Bí agbára ẹgbẹ́ méjèèjì bá dọ́gba, áńkáṣíìfù náà kò ní kúrò lójú kan, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò wo àwọn ọmọkùnrin tí iṣan ọrùn wọn yọ gaǹgà yẹn kí ó ní kò sí ẹni tí ó ń fa okùn. Bẹ́ẹ̀ ni àárín ayé rí. Òòfà kò tán níbẹ̀. Ó pé síbẹ̀ láti ọ̀nà gbogbo ni.

Àpèjúwe yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó ti tẹ̀, olùkọ́ náà kò sì fi bò fún wa. Okùn ìfà-okùn a máa le tantan, ó tilẹ̀ lè já, nítorí pé ìkángun méjèèjì nìkan ni a dì mú. Òòfà kì í dúró di ìkángun mú ní tirẹ̀. Eegun, ẹ̀jẹ̀, irun orí, gbogbo rẹ̀ ni ó ń fà lẹ́ẹ̀kan náà, láti ọ̀nà gbogbo, nítorí náà ibi tí ó ti ń fà á gan-an ni àwọn ìfà náà ti pa ara wọn rẹ́. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ń fa òun. Yóò kàn léfòó ni, bí àwọn tí ó lọ sí òfuurufú ṣe ń léfòó nínú ọkọ̀ wọn. Àwa fẹ́ràn ọkùnrin yẹn nítorí èyí. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni yóò fi àpèjúwe sílẹ̀ níbi tí ó ti dùn, tí wọn kò ní sọ ibi tí kò dé.

Ọ̀nà ibẹ̀ gan-an tún ju ìdí rẹ̀ lọ fún ìyàlẹ́nu. Láti ojú ilẹ̀ dé àárín jẹ́ kìlómítà 6,371, ó jìn ju ìrìn-àjò láti Ìbàdàn dé Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ènìyàn yóò rò pé bí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ara yóò máa fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín ayé jẹ́ irin tí ó wúwo ju òkúta tí ó bò ó lọ, nítorí náà ní nǹkan bí kìlómítà 2,900 àkọ́kọ́, òòfà kò ní dín kù rárá. Nígbà tí a ó bá fi dé etí irin náà, yóò tilẹ̀ ti lé sí i. Àpò gààrí kílò 50 tí alábàárù gbé ní Ọjà'ba yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn bíi kílò 54 níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fúyẹ́ títí yóò fi di òfo. Ní 1854, George Airy sọ pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù kan sísàlẹ̀ ihò èédú ní Harton, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fi èkejì rẹ̀ sí ojú ilẹ̀, ó sì rí i pé èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ń fì yára ju ti òkè lọ.

Ẹni tí ó bá já bọ́ ńkọ́? Bí a bá gbàgbé afẹ́fẹ́ àti ooru ná, yóò dé àárín ní nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n kò ní lè dúró níbẹ̀, nítorí pé eré tí ó bá dé ibẹ̀ yóò ju kìlómítà 7 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Eré yẹn yóò gbé e kọjá, yóò máa gòkè lọ ní òdìkejì, òòfà yóò máa fà á sẹ́yìn, títí yóò fi yọ orí ní ojú ilẹ̀ kejì, tí yóò tún padà, bí ọmọdé lórí jáńgílófà. Àlọ nìkan yóò gbà á tó nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. A mọ ọjọ́ tí mọ́tò láti Bẹẹrẹ sí Dùgbẹ̀ kò yá tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ Ṣáínà ni yóò sì ti yọ orí, bí àwọn ọmọdé ti máa ń sọ. Òdìkejì Ìbàdàn gan-an jẹ́ agbami òkun Pàsífíìkì, láàárín àwọn erékùṣù Tuvalu àti Tokelau, kò sí ilẹ̀ níbẹ̀. Omi iyọ̀ ni yóò kọ́kọ́ ya wọ inú kànga wa. Yàtọ̀ sí èyí, ayé ń yí. Ilẹ̀ Ìbàdàn tí a dúró lé ń sáré lọ sí ìlà-oòrùn ní ohun tí ó ju kìlómítà 1,600 ní wákàtí kan, ibi tí ó wà nísàlẹ̀ kò sì sáré tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó ń já bọ́ yóò ti lọ gbá ògiri kànga kí ó tó jìn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ já bọ́ láìgbá ògiri, ibi tí ayé ti ń yí lójú kan, ní òpin àríwá tàbí ti gúúsù, ni kí ó lọ gbẹ́ tirẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti mú wa lọ́kàn jù nìyí. Ooru àárín ayé ju 5,000 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ ju ìlọ́po mílíọ̀nù mẹ́ta ti afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí wa níhìn-ín. Níbo ni ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yìí ti wá, nígbà tí a ti ní kò sí ohun tí ó wúwo níbẹ̀? Láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò sí ní àárín ni. Gbogbo òkúta àti irin tí ó wà lókè ní ìwúwo tirẹ̀, apá àárín ni gbogbo wọn sì ń já sí, èyí tí ó wà lókè ń ti èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwúwo kankan ní tirẹ̀ ni gbogbo ẹrù àwọn yòókù wá parí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó lọ wò ó bọ̀. Ìmìtìtì ilẹ̀ ni ó fi hàn wá. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1984, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ará Ìbàdàn náà sì mọ̀ ọ́n lára. Èyí kékeré ni ìyẹn. Ìró àwọn ńlá a máa la gbogbo ayé kọjá, bí ìró ìka tí a fi kan ìkòkò ṣe ń sọ bóyá omi wà nínú rẹ̀. Irú ìró bẹ́ẹ̀ ni obìnrin ará Dẹ́ńmáàkì kan, Inge Lehmann, yẹ̀ wò tí ó fi mọ̀ ní 1936 pé irin mìíràn tún wà láàárín irin.

Àwọn kan yóò bèèrè ohun tí ó kan àlùfáà nínú èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìtàn kan tàn ká àwọn ìjọ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Rọ́ṣíà gbẹ́ ihò jíjìn kan ní Siberia, wọ́n sọ ẹ̀rọ agbohùn sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ igbe àwọn ọkàn tí ń joró. Oníwàásù kan sọ ìtàn yìí tẹ̀dùntẹ̀dùn sínú kásẹ́ẹ̀tì, kásẹ́ẹ̀tì náà sì dé ìjọ tí a ń ṣe àbójútó nígbà náà. Ó dé ọwọ́ ìyá àgbà kan tí ó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba.

Ilé baba ìyá yìí wà ní Bẹyẹrúnkà, inú rẹ̀ ni ó sì ń gbé. Bàbá rẹ̀ kú láìṣe ìrìbọmi. Olórìṣà ni títí ọjọ́ ikú rẹ̀, ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sì ni. Òun ni ó san owó ilé-ìwé ọjọ́ Ìsinmi fún ọmọ rẹ̀ kí ó lè mọ ìwé kà. Wọ́n sin ín sí ìyẹ̀wù gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn àgbà, orí ilẹ̀ náà ni ìyá yìí sì ti ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sùn fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ. Lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì yìí, ó kó ẹní jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé ooru ni. Òtútù ọyẹ́ wá dé, kò wọlé.

Ó wá bá wa lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Bàbá Àlùfáà, ẹ má bínú sí mi o. Ilẹ̀ tí mò ń tẹ̀ nínú ilé mi yìí, ṣé orí igbe bàbá mi ni mo ń tẹ̀?"

A ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó."

A sọ ohun tí a mọ̀ nípa ihò náà fún wọn. Ihò kan wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe Siberia ni ó wà. Ní Kola ni, ní ìpẹ̀kun àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ẹ ní 1970. Ní 1989 ó jìn tó mítà 12,262, kò sì fẹ̀ ju àwo ọbẹ̀ lọ. Ooru ibẹ̀ tó 180, òkúta ń rọ̀ mọ́ irinṣẹ́ wọn, wọn kò lè tẹ̀ síwájú mọ́. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ohùn ènìyàn kankan. Bí a bá sì fi wé ọ̀nà tí ó lọ sí àárín ayé, gbogbo làálàá ọdún wọ̀nyí kò tó ìdá kan nínú ìdá 500. Bí ayé bá jẹ́ ọsàn, wọn kò tíì lu èèpo rẹ̀ já.

Màmá kì í ṣe ẹni tí à ń fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ tù nínú. Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n à ń jẹ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi pé Olúwa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ipò òkú. Ìsọ̀kalẹ̀ kì í ṣe ìsàlẹ̀ ni?"

A bi wọ́n pé bí Olúbàdàn bá wàjà, ta ni ó ń gbé àkàsọ̀ lọ wò ó ní àjà? Wọ́n rẹ́rìn-ín. A tún rán wọn létí pé àwọn baba wa, kí ìwé tó dé, pe ibi ìyà náà ní ọ̀run àpáàdì: ọ̀run ni wọ́n pè é, wọn kò pè é ní abẹ́ ilẹ̀. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sì gba orúkọ náà bẹ́ẹ̀. A wá sọ ọ̀rọ̀ àárín ayé fún wọn bí olùkọ́ wa ti sọ ọ́ fún wa, ti kànga tí kò ní ìdí, ti ìwúwo tí ó di òfo, ti ẹrù àwọn yòókù tí ó parí sọ́dọ̀ ẹni tí kò wúwo. Wọ́n mi orí. "Ti àkọ́bí ni ìyẹn," ni wọ́n wí. Àkọ́bí ni wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè ní kíláàsì wa: "Ẹni tí ó bá wà níbẹ̀, bí ó bá fẹ́ gbàdúrà, ibo ni yóò gbójú sókè sí?"

Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, a ka Dante, akéwì ilẹ̀ Ítálì, tí ó fi Sátánì sí àárín gbùngbùn ayé ní ohun tí ó ju 600 ọdún lọ sẹ́yìn. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá kọjá ojú ibẹ̀ ní láti yí orí rẹ̀ padà, nítorí pé ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ ti di ìgòkè. A dá Màmá lóhùn pé ìsàlẹ̀ ti tán níbẹ̀, ibikíbi tí ẹni náà bá kọjú sí, òkè ni. Wọ́n dákẹ́ pẹ́.

"Bàbá mi wá ńkọ́?"

"Màmá, ibi tí Ọlọ́run fi wọ́n sí, a kò mọ̀ ọ́n, ìdájọ́ kì í ṣe iṣẹ́ wa. Ohun tí a mọ̀ ni pé wọn kò sí nínú ihò kankan ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kò sì sí ẹni tí ó gba ohùn wọn sílẹ̀."

Alàgbà kan nínú ìjọ bá wa wí lẹ́yìn náà. Ó ní a ìbá ti fi kásẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ ní tirẹ̀, nítorí pé láti ìgbà tí ó ti dé ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kún ìpàdé àdúrà. A gbà pé ìdájọ́ ń bọ̀, a sì ń wàásù rẹ̀ di òní. Ṣùgbọ́n Olúwa tí ó pe ara rẹ̀ ní òtítọ́ kò bẹ̀ wá ní irọ́ yá, ìpàdé tí ìbẹ̀rù irọ́ bá sì kún kò ní pẹ́ tú. Ó tú lóòótọ́, kí ọdún náà tó parí. Àwọn díẹ̀ tí ó kù níbẹ̀ wà nínú ìjọ náà títí a fi kúrò.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ ìyá náà kan wá sọ fún wa pé wọ́n ti kó ẹní wọn padà sí ìyẹ̀wù. Kásẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n fi rán an sí wa. Oníṣẹ́jú 90 ni, ó sì jẹ́ ojúlówó, kò ṣe é sọ nù. Àwọn akọrin ni ó gba orin ìkórè ọdún náà sí orí rẹ̀.